Lójú Ìjọba, Obìnrin Ni Mí

Èmi onírùngbọ̀n yìí, obìnrin ni wọ́n kọ sínú ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ìbí mi!
Láàárọ̀ yìí, mo gba ọ́fíìsì ìjọba tó kọ ọ́ lọ kí wọ́n lè tún un ṣe. Mo ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n bí ọba.
Akọ̀wé ní, "Ọ̀gá, irùngbọ̀n kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ lọ búra ní kóòtù, kí ẹ sì mú òbí yín wá."
Mo búra. Mo sáré gbé Màmá mi wá láti ilé wọn ní Karu.
Akọ̀wé bi wọ́n pé, "Mà, ṣé ọkùnrin lẹ bí?"
Màmá wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n mí kanlẹ̀.
"Ọkùnrin ni mo bí o. Ṣùgbọ́n kò tíì mú ìyàwó wálé. Ẹ bá mi kọ ìyẹn náà sí i."
"Mà, òfin ò béèrè ìyẹn."
"Èmi ń béèrè."
Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín yìí, ta ló ní àbúrò obìnrin?