Àlá tí N Kò Lá

Irọ́ ni mo pa nínú ilé Ọlọ́run, sùtánà funfun sì wà lọ́rùn mi nígbà tí mo pa á. Mo dìde láàárín ìjọ Aládùúrà wa ní Dagenham, mo ní mo lá àlá: mo rí ọmọbìnrin àbúrò mi tó ń kọrin, aṣọ dúdú bò ó lójú. Wòlíì ò tiẹ̀ bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí ọmọ náà wá dùbúlẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó máa gbààwẹ̀, kó má jáde títí di Àìkú.

Sátidé yẹn gan-an ló sì yẹ kó kọrin fáráyé fún ìgbà àkọ́kọ́.

Orin kọ́ńtìrì, orin gìtá àwọn òyìnbó ará oko, ló ń kọ. Èmi ni mo kó o ràn án. Màmá mi n'Íjẹ̀bú kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí obìnrin òyìnbó bá ń sunkún ọkọ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, á bá a sunkún. Orin wọ̀nyẹn ni mo ń kọ fún ọmọ náà nínú mọ́tò láti kékeré. Èmi náà ni mo ra gìtá fún un.

Nígbà tó dàgbà, ó wá ń kọ́ èmi.

"Ọ́ńkù, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn ọkùnrin làwọn obìnrin tó ń kọ orin yìí kọ́kọ́ máa ń dúró sí, tí wọ́n á máa gberin? Àwọn onírédíò ò tiẹ̀ fẹ́ lu orin obìnrin méjì tẹ̀léra."

"Báwo ni wọ́n wá ṣe wọlé?"

"Wọ́n kọ ohun tójú wọn ń rí nílé. Ọkọ ọ̀mùtí, ọmọ, iṣẹ́. Obìnrin tó ń fọ abọ́ gbọ́ ọ, ó ní ọ̀rọ̀ òun nìyí, ó lọ rà á."

"Káì! Ìkà làwọn ọkùnrin yẹn o!"

Ẹ ò rí ẹnu mi.

Kílọ́ọ̀bù olórin kan ní Castle Green ló fún un láyè. Kí n tó pa irọ́ yẹn, mo kọ́kọ́ lọ yọjú síbẹ̀. Mo bá àwọn òyìnbó àgbà tí wọ́n dé akẹ̀tẹ̀. Èmi tí mo ń fẹ̀yìn wa tírélà wọlé ní Dagenham Dock láìfara kan nǹkan kan, mi ò lè wọlé kọjá ẹnu ọ̀nà. Lójú inú mi, mo ti ń rí ìgò tó ń fò bọ̀ wá bá ọmọ wa. Ọ̀kan nínú wọn juwọ́ sí mi; àṣé ẹni tó ń ṣí géètì fún mi níbi iṣẹ́ ni! Síbẹ̀, mo sá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn Sátidé náà, onígéètì yẹn ní, "A retí ọmọ yín títí. Ìyàwó mi tiẹ̀ ṣe kéèkì dè é. Ọkùnrin kan la fi dípò rẹ̀."

Gìtá ọmọ náà ò jáde nínú àpò mọ́. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ bá a nílé ìyá rẹ̀ ní Beam Park.

"Mo purọ́, ọmọ mi. Mi ò lá àlá kankan. Ẹ̀rù ló bà mí. Bọ́ sínú mọ́tò, ká lọ bẹ àwọn ará kílọ́ọ̀bù."

Kò gbójú sókè.

"Ọ́ńkù, mo ti mọ̀. Lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni mo ti rò ó. Bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn mi láti kékeré bá lè purọ́ mọ́ Ọlọ́run kí n má baà kọrin, á jẹ́ pé ohùn náà ni ò dáa."