Ìyá Fáìlì Tó Jókòó Sórí Àga Àwọn Ọkùnrin

Ìtàn olóògbé Ìyá Fáìlì tí gbogbo ilé ìwòsàn mọ̀ jù ni ti ọjọ́ tó jókòó sórí àga tí kì í ṣe tirẹ̀, tó sì kọ̀ tí kò dìde.

Kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn. Obìnrin mẹ́sàn-án àti ọkùnrin mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá lẹ orúkọ àwọn tí yóò kọ́ ọ mọ́ ògiri: ọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iṣẹ́ tó kọ síwájú orúkọ àwọn obìnrin ni kí wọ́n máa nu eruku ara ẹ̀rọ.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ìyá Fáìlì ti lò nídìí iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ó wọlé, ó fìdí kalẹ̀ sórí àga iwájú pátápátá.

"Màmá, ẹ dìde," ni ọ̀gá wí. "Nǹkan yìí le. Ó gba ọpọlọ."

"Ta ló ń bá yín wá fáìlì tó bá sọnù?"

"Ẹ̀yin ni."

"Kí ni mo fi ń wá a, ṣé orúnkún ni?"

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀gá fajú ro. "Ẹ ṣáà máa bá wa nù ún."

"Èmi kì í nu ohun tí mi ò mọ inú ẹ̀. Bí mo bá nu orúkọ aláìsàn dànù ńkọ́?"

Olùkọ́ tó wá láti ìta ló ní kí wọ́n jẹ́ kí màmá jókòó, nítorí ẹ̀rín ò jẹ́ kí òun lè kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ ní kó wá ọ̀rọ̀ àṣírí tí yóò máa fi ṣí i. Ó tẹ orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ dáhùn pé kò lágbára tó. "Kò lágbára kẹ̀?" ló figbe ta. "Ìwọ ò tíì bá obìnrin yẹn gbé!"

Ohun tó kọ́, ó fi kọ́ àwọn obìnrin mẹ́jọ yòókù, ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Bí ẹnì kan bá ń gbá bọ́tìnì, á ní, "Rọra, kì í ṣe kókòrò lò ń pa."

Nígbà tó wá kan ká fi ẹnì kan ṣe olórí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ta ni wọ́n fi ṣe é? Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọkùnrin, tó jẹ́ pé Ìyá Fáìlì ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ. Ìwà ìrẹ́jẹ gbáà! Màmá lọ kí i. "Ẹ kú oríire, sà. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ la ti ń tàn án, bí mo ṣe sọ lánàá."

Kò pẹ́, wọ́n fi ohun tó ń ka ìṣẹ́jú tí èèyàn bá fi kúrò lórí àga sínú ẹ̀rọ. Lóṣù àkọ́kọ́, orúkọ obìnrin mẹ́fà yọ ní pupa: ọ̀lẹ. Ìyálọ́mọ kan tó ń sáré lọ fọ́mọ rẹ̀ lọ́yàn ló ṣíwájú. Wọ́n kọ̀wé sí i pé tó bá tún kúrò, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ó ń sunkún. Ìyá Fáìlì gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ọ́fíìsì ọ̀gá.

"Màmá, ẹ̀rọ kì í ṣojúsàájú," ni ọ̀gá wí.

"Ẹ̀rọ ò lójú. Ẹni tó ṣe é ló lójú. Mo rí i pé ẹ wá àyè fún àwọn tó ń jáde lọ mu sìgá. Àyè ọmọ dà?"

"Ìyẹn ìsinmi ni."

"Èéfín jẹ́ ìsinmi, ọmú wá di ọ̀lẹ! Ìyá tó bí yín, ṣé fáìlì ló fún yín mu?"

Ọ̀gá ní òun á wò ó. Màmá fa àga. "Ẹ máa wò ó. Mo ń bá yín wò ó." Kò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi ya ìwé náà, tí wọ́n sì fi àyè ìyálọ́mọ sínú ẹ̀rọ.

Síbẹ̀, wọn ò fún un ní ipò tó tọ́ sí i títí ó fi fẹ̀yìn tì. Inú ṣì ń bí àwọn tó mọ̀ ọ́n dòní.

Nígbà tó kú, àwọn obìnrin mẹ́jọ náà lọ kí ọkọ rẹ̀, káfíńtà àgbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé omi fún wọn. Wọ́n sọ ìtàn màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé, wọ́n wá dìde láti máa lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni bàbá wí, "kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ bá mi jà díẹ̀. Ilé yìí ti dákẹ́ jù látìgbà tó ti lọ."

Ìyálọ́mọ ọjọ́sí sún mọ́ ọn. "Bàbá, irú omi wo lẹ gbé fún wa yìí? Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́!"

"Omi mi? Omi tó tutù báyìí!"

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ iyàn jíjà, ojú bàbá sì ń tàn díẹ̀díẹ̀.