Fáólíìnì Tí Hánà Gbé Sórí Èéfín

Ẹ dákun, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná! Ọ̀rọ̀ yìí, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ létí òkun ju kí ẹja wọ àwọ̀n lọ. Nǹkan ń ṣẹlẹ̀ o! Ẹ gbọ́ ti Hánà, ọmọ Abereke, tó ń hun àwọ̀n ní Ayétòrò.

Hánà kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ló gbé e wọkọ̀ wá láti Abereke, nígbà tí Ayétòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi pákó tẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀ lórí ẹrọ̀fọ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé níbẹ̀: kò sí tèmi, kò sí tìrẹ. Ẹja tí wọ́n bá pa, ti gbogbo ìlú ni. Aṣọ tí wọ́n bá hun, ti gbogbo ìlú ni. Iṣẹ́ tí wọ́n bá sì fi ẹnìkan sí, òun náà ni yóò ṣe. Ilé àwọ̀n ni wọ́n fi Hánà sí, kò sì ráhùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún: ó fẹ́ràn orin bí ẹní fẹ́ràn omi mímu, Ọlọ́run kò sì fún un lóhùn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dúró láàrin ẹgbẹ́ akọrin, olórí wọn nawọ́ sí i.

"Hánà, ìwọ máa la ẹnu nìkan. Má ṣe jẹ́ kí nǹkan kan ti ibẹ̀ jáde."

Gbogbo ilé ìsìn bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ẹnu lásán ni Hánà ń là fún Ọlọ́run.

Ìgbà yẹn ni ọ̀kẹ́sírà dé láti Èkó! Ẹgbẹ́ olórin tó pọ̀ bí èrò ọjà, onífèrè, onílù, olóhun-èlò olókùn, tí gbogbo wọn ń ṣeré lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé ọkàn kan ṣoṣo ló ń mí nínú wọn. Wọn kò wá gba owó ìran o. Wọ́n ń lọ láti ilé ìwé dé ilé ìwé ni, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń ka orin lójú ìwé, wọ́n ń yá ìlú ní ohun èlò, àgbàlagbà tó bá sì fẹ́ kọ́, wọ́n á kọ́ ọ lẹ́yìn iṣẹ́. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló kó gbogbo wọn wá láti Ìgbòkòdá. Fèrè bàbà tó ń dán bí oòrùn lójú omi! Ìlù tó tóbi ju agbada tí wọ́n fi ń yan gàárì! Nígbà tí wọ́n sì ṣeré nínú gbọ̀ngàn ìlú, àwọn apẹja tó ti bá ìjì jà láìmikàn ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n fi fáólíìnì mélòó kan sílẹ̀ fún ilé ìwé, wọ́n sì fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Fáólíìnì ni èyí tí wọ́n ń gbé lé èjìká, tí wọ́n ń fi ọrun fà bí góje. Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé, ọ̀kan nínú àwọn olórin náà, ló ń wọkọ̀ wá kọ́ wọn lóṣooṣù. Nígbà tí Hánà kọ́kọ́ fi ọrun kan okùn rẹ̀, ohùn tó jáde, áà! Ohùn tí ọ̀fun rẹ̀ kò ní ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju nǹkan náà sílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn akọrin tó fi í rẹ́rìn-ín fi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gbọ́ ọ.

Ẹnìkan ṣoṣo ló ń bá a du fáólíìnì náà: Ísákì, káfíńtà, ọ̀dọ́kùnrin arẹwà tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo bí òkò lórí okùn.

"Ẹ fetí sílẹ̀ o," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé wí lọ́jọ́ kan. "Tí mo bá tún padà wá, n óò mú ẹnìkan nínú yín lọ sí Èkó. Ọ̀kẹ́sírà yóò kọ́ ọ fún ọdún kan gbáko, ẹni náà yóò sì padà wá di tíṣà orin ní ilé ìwé yín."

Hánà ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Gbogbo ènìyàn rí i. Ísákì náà rí i.

Tíṣà orin! Ẹni tí wọ́n ní kó máa la ẹnu lásán! Hánà kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Òjò wá dé, òjò etíkun tí kì í ti ojú sánmà nìkan wá, tó ń ti ilẹ̀ jáde, tó ń ti ara ògiri jáde. Nítorí pé ti gbogbo ìlú ni fáólíìnì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e lọ sílé. Ilé àwọ̀n ló ń wà, lábẹ́ ojú Bàbá Olówòkéré, olórí ibẹ̀. Hánà ṣí àpótí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó rí i pé igi náà ti ń bu, ó funfun bí ẹni pé wọ́n da ìyẹ̀fun lé e.

"Bàbá, ẹ wò ó! Ọ̀rinrin fẹ́ pa á."

Bàbá Olówòkéré kò tilẹ̀ yí ọrùn. "Kí là ń ṣe fún ohun tí ọ̀rinrin bá ń pa? Gbé e lọ sórí àjà."

"Àjà ẹja, Bàbá?"

"Níbo ni Bíbélì ìyá rẹ ń wà nígbà òjò? Níbo là ń kó àwọ̀n tuntun sí? Àbí igi òyìnbó kì í ṣe igi ni?"

Ísákì, tó ń tún ilẹ̀kùn ṣe nítòsí, rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n Hánà, ẹ lọ yan án. Ẹ má gbàgbé iyọ̀ o!"

Létí òkun níbẹ̀, èéfín ló ń gba nǹkan là. Orí àjà, níbi tí èéfín ẹja ṣawá ti ń gòkè, ni wọ́n ń kó àwọ̀n, ìwé àti aṣọ ìsìn sí nígbà òjò, kò sì sí èyí tó bàjẹ́ rí. Hánà fi ìborùn rẹ̀ tó dára jù wé fáólíìnì bí ọmọ tuntun, ó gun àkàbà, ó gbé e síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àtè ni wọ́n fi lẹ fáólíìnì pọ̀, kì í ṣe ìṣó! Ẹja sì ya wọlé lákòókò náà, gbogbo ọwọ́ lọ sídìí ẹja, kò sẹ́ni tó ráyè orin. Iná kò kú lábẹ́ àjà. Àtè náà ń yọ́ nínú ìborùn, ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Bí ẹja ṣe ń rọlẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé dé. Wọ́n péjọ sí gbọ̀ngàn, àwọn ọmọ ilé ìwé níwájú, àwọn àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Hánà sáré lọ gbé ẹrù rẹ̀ wá, ó tú ìborùn níwájú gbogbo ènìyàn. Ọrùn fáólíìnì yọ sọ́tọ̀. Ikùn rẹ̀ là. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé gbé ègé kan sí imú.

"Ṣawá!" ó kígbe. "Ẹ wá gbọ́ òórùn! Fáólíìnì ni mo fi sílẹ̀, ẹ ti sọ ọ́ di ọbẹ̀. Ìyáàfin, ata ńkọ́? Púpurú ńkọ́?"

Ẹ̀rín gba gbogbo gbọ̀ngàn. Àwọn ọmọdé ń lu tábìlì.

"Bàbá ló ní kí n gbé e sórí àjà," ni Hánà wí.

Ẹ̀rín dákẹ́. Bàbá Olówòkéré wolẹ̀. "Èmi? Mo ní kó gbé e kúrò nínú ọ̀rinrin. N kò dárúkọ àjà."

"Háà, Bàbá! Ísákì wà níbẹ̀. Ísákì, sọ fún wọn!"

Gbogbo ojú yí sí Ísákì. Ẹnu rẹ̀ ni Èkó wà báyìí, ẹnu rẹ̀ ni ipò tíṣà wà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbọn eruku pákó kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Mo ń kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà," ó ní. "Ariwo hámà kò jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan."

Ó parí. Hánà ba ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú jẹ́, ó tún purọ́ mọ́ àgbàlagbà: ohun tí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbé lọ sílé nìyẹn. Ísákì bá ọkọ̀ lọ. Bàbá Olówòkéré fúnra rẹ̀ ló wá iṣẹ́ tuntun fún Hánà.

"Ṣebí èéfín ló fẹ́ràn? Ẹ fi í sídìí èéfín."

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ọ̀kẹ́sírà bàjẹ́ o. Ó gbèrú ni! Ísákì padà dé tòun ti táì lọ́rùn. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń ka orin lójú ìwé bí ẹní ń ka a, b, d. Àwọn ọmọ Mahintedo ń wọkọ̀ wá kọ́ fèrè. Lọ́dọọdún ni ọ̀kẹ́sírà ń wá bá wọn ṣeré pọ̀. Ó ń mú orí ẹni wú! Hánà lọ bá Ísákì lẹ́ẹ̀kan, ó kúnlẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó ní kó jẹ́ kí òun jókòó sẹ́yìn lásán níbi ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà, òun kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n," ni tíṣà wí, "òórùn ẹja wà lára yín. Ẹ óò kàn mú wọn rẹ́rìn-ín ni."

Wọ́n sì ti ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ìyá Fáólíìnì Yíyan ni àwọn ọmọdé ń pè é, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ ohun tó fa orúkọ náà mọ́.

Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ wọkọ̀ ní Ìgbòkòdá lọ́jọ́ tí ọ̀kẹ́sírà bá ń lọ. Ẹ gbádùn eré náà, nítorí ó dùn, ó dùn gan-an ni! Lẹ́yìn náà, ẹ gba orí pákó lọ sí ìdí èéfín. Ẹ óò bá obìnrin kan tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí nínú ooru, nígbà tí gbogbo ìlú wà ní gbọ̀ngàn. Ẹ kan ilẹ̀kùn. Ẹ bi í léèrè ẹni tó ní kó gbé fáólíìnì sórí àjà.

"Èmi ni," ni yóò wí fún yín, òun tí wọ́n ti pè ní òpùrọ́ títí ó fi sú u. "Èmi ni mo ro ó fúnra mi."

Ẹ lọ. Ẹ lọ fojú ara yín wo ojú tó fi ń sọ ọ́.