Kọ́kọ́rọ́ Etí Ìborí Mi

Rọra ni wọ́n ń pe ọkọ mi níbi iṣẹ́, òun ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ fa orúkọ náà. Ẹ rọra gbé e. Ẹ rọra sún mọ́ ọn. Bí iná bá ń jó ilé, ọkùnrin yìí á kọ́kọ́ wá bàtà rẹ̀, á wọ̀ ọ́ tán, á wá ní, "Ẹ rọra o, ẹ má ti ara yín ṣubú." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń bá a jà.

Ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan náà ni àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń jókòó nídìí páńẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ, ní yàrá òkè. Èmi ni mò ń wọ inú táńkì ńlá tí wọ́n fi ń po ọṣẹ, tí mo ń fi irin pẹlẹbẹ ha èyí tó bá ti gan mọ́ ọn lára. Páńẹ́ẹ̀lì yẹn ti darúgbó. Ó lójú bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré, ìka la fi ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́ràn mọ́: bí o bá tẹ bọ́tìnì kan, ti òkè rẹ̀ ló máa dá ẹ lóhùn. Méjì ló sì kàn mí nínú àwọn bọ́tìnì rẹ̀. Ti òkè ni "Afẹ́fẹ́", tó ń tan fáànù sí inú táńkì. Ti ìsàlẹ̀ ni "Pò", tó ń yí àwọn abẹ irin inú táńkì náà, àwọn abẹ tó lè lọ egungun màlúù kúnná. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: kí ọkọ mi tó lè fún mi ní afẹ́fẹ́, orí "Pò" ló gbọ́dọ̀ tẹ̀. Tó bá wá fẹ́ pò lóòótọ́, á tẹ ibi òfìfo tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọdún gorí ọdún, ó ti mọ́ ìka rẹ̀ lára, kò tilẹ̀ ń wo ojú páńẹ́ẹ̀lì mọ́ kó tó tẹ̀ ẹ́.

A ní àṣà kan. Ẹni tó bá fẹ́ wọ táńkì á bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, wọ́n á fi kọ́ ìṣó tó wà létí páńẹ́ẹ̀lì, kí ẹni tó bá yọjú lè mọ̀ pé èèyàn wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ni bàtà nìkan ló lè gbà á padà. Ọ̀gá wa máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé páńẹ́ẹ̀lì náà ti wọ bàtà mi ju èmi alára lọ.

Ihò róbótó kan ló wà lórí táńkì, èjìká kan ni wàá kọ́kọ́ ki bọ̀ ọ́, kí ìkejì tó tẹ̀ lé e. Tí o bá débẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni wàá fi sùn, abẹ kan lókè, abẹ kan lẹ́yìn. Ooru á mú ẹ, òórùn sódà á máa ta ẹ́ nímú. Fáànù náà kì í pẹ́ pa ara rẹ̀. Bó bá ti kú, mà á fi irin kan ara táńkì lẹ́ẹ̀mejì, kó kó, Rọra á gbọ́ lókè, á tẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn á dé. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí tọkọtaya lè bára wọn sọ, kó kó yẹn la sọ jù.

Ẹ lè ní kí ló dé tí a ò fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ibo la fẹ́ lọ? Ilé iṣẹ́ ló ni ilé tí à ń gbé, yàrá méjì tó fara ti ògiri wọn, tó jẹ́ pé bí ẹ́ńjìnì bá ń yí, àwọn abọ́ wa á máa gbọ̀n. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ti fi ilé sílẹ̀ nìyẹn. Ìyá ọkọ mi sì wà lórí ibùsùn ní yàrá kejì, kò lè dìde. Láti inú táńkì ni mo ti ń lọ sínú yàrá méjì, láti inú yàrá méjì ni mo ti ń padà sínú táńkì. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń dúró láàárín méjèèjì, lẹ́bàá ògiri, kí n ṣáà lè rí ojú ọ̀run.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ wá ńkọ́? Bàbá tó ń tún iná ilé iṣẹ́ wa ṣe, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ló fi hàn mí. Ó mú mi lọ sẹ́yìn táńkì, ó ṣí àpótí kékeré kan, ó ní, "Ìyàwó Rọra, tí o bá ti yí kọ́kọ́rọ́ yìí tí o sì yọ ọ́, kò sí ẹ̀dá tó lè yí abẹ wọ̀nyẹn. Fáànù ní wáyà tiẹ̀ lọ́tọ̀, ìyẹn ò ní kú." Láti ọjọ́ náà, kí n tó wọlé, mà á yí i, mà á yọ ọ́, mà á so ó mọ́ etí ìborí mi. Tí mo bá jáde, mà á dá a padà kí n tó lọ gba bàtà mi. Mi ò sọ fún Rọra. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọkùnrin tó ń fọ ọwọ́, tó tún ń nù ún gbẹ, kó tó fi ìka kan bọ́tìnì nítorí mi! Wọ́n ṣáà ní idà ò mọ orí alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n ìyàwó wo ló máa kọjú sí alágbẹ̀dẹ kó sọ ọ́ fún un?

Ó wá di ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá tún páńẹ́ẹ̀lì náà ṣe. Ó ṣe é, ó dára, ibi tí o bá tẹ̀ gan-an ló ń dáhùn. Ọmọ náà ò tilẹ̀ dákẹ́, ó sọ fún ọ̀gá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ń lò ó o, ti tẹ́lẹ̀ ti mọ́ ọn lọ́wọ́." Ọ̀gá ní òun ti gbọ́. Rọra wà nílé lásìkò yẹn, ó ń fún ìyá rẹ̀ lóúnjẹ. Nígbà tó fi máa dé, wọ́n ti pe ọ̀gá sí ẹnu géètì, ọ̀gá sì ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Páńẹ́ẹ̀lì ò sì yí padà lójú, kò sí lẹ́tà kan tó kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo tó gbọ́ gbogbo èyí. Èmi ṣáà fi bàtà kọ́ ìṣó, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́rí, mo wọlé lọ.

Fáànù kú. Mo kan táńkì, kó kó. Kàkà kí atẹ́gùn dé, nǹkan kan dún lókè orí mi: kà!

Yéè! Mo mọ ìró yẹn. Òun ló máa ń dún kí abẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìta ni mo ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ yìí, mi ò gbọ́ ọ nínú táńkì rí. Abẹ kan wà ní egungun ìhà mi, ìkejì wà lẹ́yìn ọrùn mi, kò sí ibi tí mo lè sún sí. Mo ń dúró dè é kó yí. Kò yí. Mo gbé ọwọ́ sí etí ìborí mi, mo kan kọ́kọ́rọ́.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré bọ̀. Rọra ló ń sáré! Òun náà ti gbọ́ ìró yẹn lókè. Orúkọ mi ló ń pè, orúkọ tí ìyá mi sọ mí, èyí tí kò pè mọ́ láti ìgbà tí a ti bímọ. "Dá mi lóhùn! Jọ̀ọ́, dá mi lóhùn!"

"Mo wà níbí."

Ó fà mí jáde, ó ń fọwọ́ pa mí lára káàkiri, apá, orí, ọrùn, bí ẹni ń wo ọmọ tó jábọ́. Ibẹ̀ ló ti rí kọ́kọ́rọ́ létí ìborí mi.

"Kí nìyí?"

Mo sọ fún un.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Kí ọmọ wa tó wọ iléèwé." Ọmọ náà ti wà nílé ọkọ báyìí, ó ń fún ọmọ tirẹ̀ lọ́yàn.

Ó jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Ìyẹn ni pé lójoojúmọ́ tí mò ń fún ẹ ní afẹ́fẹ́, o gbà pé mo lè pa ẹ́."

Ọjọ́ tó sọ ọ́ yẹn gan-an ló kù díẹ̀ kó pa mí.

Ilé wa wá pa rọ́rọ́. Ó ń kí mi, mò ń kí i, ó tán. Ìyá rẹ̀ pariwo láti orí ibùsùn pé, "Ṣé ẹ̀ ń jà ni?" Mo ní, "Rárá o, Màmá." Ó ní, "Ẹ kúkú jà jàre. Ìdákẹ́jẹ́ yín ò jẹ́ kí n rí oorun sùn."

Ìka Rọra kò sì gbọ́ràn mọ́. Táńkì ṣófo, wọ́n ní kó tẹ "Afẹ́fẹ́", ó pinnu, ó la ojú sílẹ̀ kedere, ìka rẹ̀ tún bọ́ sórí "Pò". Ọ̀gá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó ní, "Ìyàwó rẹ ò tẹ̀ ẹ́ rí, kò sí nǹkan kan tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Kó gòkè, kí ìwọ wọ táńkì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wá ilé míì." Bó ṣe di pé a pààrọ̀ àyè nìyẹn, a ò sì kúrò níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó gbé e fún mi láìsọ̀rọ̀. Mo gòkè, mo fi kọ́ ìṣó. Mo jókòó síwájú páńẹ́ẹ̀lì. Ẹ wò ó, bọ́tìnì méjèèjì yẹn sún mọ́ra ju bí mo ṣe rò lọ. Kò pẹ́, mo gbọ́ ọ: kó kó. Mo na ìka. Mo rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín abẹ méjì bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Ṣé ẹrù tí ọkùnrin yìí ń rù látọjọ́ yìí nìyí? Mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́yìn táńkì.

Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpótí rẹ̀, ọkọ mi kò yí i. Rọra kì í sì gbàgbé nǹkan.

Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Mo yí i, mo yọ ọ́, mo ki orí bọ ẹnu ihò. "Kí ló dé tí o ò mú kọ́kọ́rọ́?"

Ó wá ní, jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀, "Èmi fọkàn tán ọ."

"Orí ẹ ti dàrú! Ta ló ní kí o fọkàn tán mi? Èmi gan-an ò fọkàn tán ara mi! Ìka mi ń gbọ̀n lókè níbẹ̀. Ọwọ́ ni mò ń bẹ̀rù, Rọra, ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ìwọ. Kò jẹ́ ìwọ rí." Omi ń bọ́ lójú mi sínú táńkì. Mo ju kọ́kọ́rọ́ wọlé, ó ń dún láti abẹ dé abẹ títí ó fi balẹ̀. "Ṣà á. Tí o ò bá ṣà á, jókòó sínú ooru, mi ò ní tẹ nǹkan kan."

Mo gbọ́ ọ tó ń fọwọ́ wá a nílẹ̀.

"Ó ti wà lọ́wọ́ mi," ó ní. Lẹ́yìn náà ló tún ní, "Rọra gòkè o. Àtẹ̀gùn yẹn ń yọ̀."

Mo gòkè. Ó kan táńkì lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fún un ní afẹ́fẹ́.