Ìmọ́lẹ̀ Ara Ògiri àti Okùn Tí Ewúrẹ́ Jẹ

Gbọ̀ngàn ayẹyẹ tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ní Ìkàrẹ́ ti gbé iná kan tó ń yí sórí òrùlé. Bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á gba ojú fèrèsé wọlé, á rọra máa fi ara ògiri rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Bó bá wá ń lọ sí igun yàrá, á sáré bí ẹni tó jí adìẹ. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń lé e kiri. Èmi jókòó, mò ń wò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ṣe ìṣirò, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fojú wa rí. Èmi àti Ìyábọ̀, ọmọ Ọ̀kà làwa méjèèjì, la jọ wà ní ilé-ìwé girama kan ní Ìkàrẹ́. Ìdíje ìṣirò kan ń bọ̀, ẹni tó bá gbégbá orókè ni yóò gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ti gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn ilé-ìwé, a fi ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere kan lélẹ̀ lórí àga kí àgbá rẹ̀ lè máa yí ní ìdùbúlẹ̀, a so tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn. Ìyábọ̀ ń yí i, ó ń kọrin jẹ́jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ lè dọ́gba. Èmi ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri.

Okùn tí bàbá mi fi ń to ebè iṣu la fi wọn ilẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan ló ta kókó sí. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ wa ti jẹ ibì kan nínú rẹ̀, bàbá sì so ó padà, nítorí náà kókó kẹwàá kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án àbọ̀ lọ. A fi ìdí okùn kan ògiri, a sì gbé kẹ̀kẹ́ síbi kókó kẹwàá yẹn. Nígbà tó yí ọgbọ̀n dígírì kúrò níbi tó ti dojú kọ ògiri gan-an, ìmọ́lẹ̀ rìn ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àbọ̀. Nígbà tó tún yí ọgbọ̀n sí i, ó fo mọ́kànlá! Táńjẹ́ǹtì ni, ìṣirò igun tó ń yára pọ̀ sí i bí igun bá ti ń fẹ̀, gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìṣirò. A pariwo títí ohùn wa fi há.

Tíṣà ìṣirò wa fi yíǹkì pupa fa igi lé iṣẹ́ náà nínú ìwé mi. Ó na wá ní ẹgba mẹ́fà mẹ́fà. “Bí kẹ̀kẹ́ bá ń yí dọ́gba, ìmọ́lẹ̀ á rìn dọ́gba. Àbí àǹjọ̀nú ló ń tì í? Ẹ padà sókè Ọ̀kà lọ kọ ebè!”

Lọ́jọ́ ìdíje, a bá iṣẹ́ wa lára pátákó. Orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n tíṣà ló wà lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án àbọ̀ náà wà níbẹ̀ ketekete. Ta ni í dédé gbé kẹ̀kẹ́ sí mẹ́sàn-án àbọ̀? Ọmọ yẹn ló gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́. Ìyábọ̀, tí kò ní ẹni tí yóò rán an níwèé, kò wọlé mọ́ lẹ́yìn ìsinmi.

Wọ́n ti pààrọ̀ òrùlé gbọ̀ngàn ilé-ìwé yẹn báyìí. Ikán ti jẹ okùn bàbá mi tán. Ìwé mi ṣì wà, pẹ̀lú yíǹkì pupa rẹ̀, táńjẹ́ǹtì kò sì yí padà nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fẹ́ fi orúkọ tíṣà pe gbọ̀ngàn náà lójú ayé rẹ̀. Èmi tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n ní kí n wá ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ níbi ayẹyẹ náà. Pásítọ̀ ìjọ mi ní kí n dárí jì í. Mo ti gbọ́.

Lánàá, mo lọ bá Ìyábọ̀ nídìí agbada gàrí rẹ̀ ní Ṣúpárè, mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe níbi ayẹyẹ náà fún un.

Ó ní, “Obìnrin yìí, o ò tíì gbàgbé?”

“Ìwọ ńkọ́?”

Ó yan gàrí ojú agbada náà tán. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. “Èmi ni mo máa yí kẹ̀kẹ́ o. Ọwọ́ tìẹ kò dọ́gba láti kékeré.”

Ní Sátidé, ọjọ́ ayẹyẹ náà, a ó ti fèrèsé gbọ̀ngàn. Tíṣà yóò wà ní ìjókòó iwájú. Màá gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́, màá ní kó ka mẹ́sàn-án àbọ̀ yẹn sókè, kó wá sọ fún gbogbo wa, ewúrẹ́ ta ló jẹ okùn rẹ̀.