Mùsbáù Onígbàjámọ̀ àti Orí Olúsànmí

Bí ẹ bá pàdé Mùsbáù onígbàjámọ̀ ní Àtòsìn, ní Ìdànrè, irun orí rẹ̀ ni ẹ óò kọ́kọ́ rí. Ó pọ̀, ó dúdú, ó ń dán! Irun yẹn ni pátákó ìpolówó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lateefah ìyàwó rẹ̀ a máa ní, "Irun ọkọ mi ń mu òróró ju ọbẹ̀ wa lọ."

Nọ́ọ̀sì Jemima, tó ń tọ́jú àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ló bẹ̀ ẹ́ pé kó wá fárí fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Abẹ kan náà ni gbogbo wọn ń pín lò, làpálàpá sì ti gba orí wọn kan. Mùsbáù dé ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó fi sipíríìtì nu kílípà rẹ̀ tónítóní, ó gbé àpótí kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó.

Ti Olúsànmí, ọmọ Òfosù, ló le jù. Egbò orí rẹ̀ ti gba ọyún, Nọ́ọ̀sì sì ní oògùn ò lè ràn án àfi bí irun bá kúrò. Olúsànmí fọwọ́ bo orí.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Ta ló mọ ẹni tẹ́ ẹ máa lọ ta irun wa fún? Ayé ti bàjẹ́!"

Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ta ni ń fi irun orí rẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò?

Wọ́dà kan ní kí àwọn dì í mú.

"Rárá o!" ni Mùsbáù wí. "Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Olórí wá jókòó síbí, ó ní òun ò fá, ẹ fẹ́ fi tipá fá a?"

Ó mí kanlẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó na kílípà sí Olúsànmí.

"Fá tèmi ná."

"Tiyín kẹ̀?"

"Ṣe kíá, kí n tó yí ọkàn padà!" Irun tó ti ń kẹ́ láti ìgbà àpọ́n!

Olúsànmí ò mọ̀ ọ́n fá rárá. Ó gé ibí, ó fo ọ̀hún, orí Mùsbáù wá dà bí oko tí ewúrẹ́ jẹ. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́dà pàápàá di ògiri mú.

"Yéè!" ni Mùsbáù ké nígbà tó wo dígí. "Lateefah á lé mi nílé!"

Ó tún kílípà nù. Olúsànmí fúnra rẹ̀ ló jókòó, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Mùsbáù fá a, Nọ́ọ̀sì fi oògùn pa á lórí, wọ́n sì jẹ́ kí Olúsànmí fọwọ́ ara rẹ̀ dáná sun irun tirẹ̀. Àwọn yòókù ti tò sẹ́yìn.

Olúsànmí wá bẹ̀rẹ̀, ó ṣa irun Mùsbáù nílẹ̀ ní fọ́nrán-fọ́nrán, ó dì í sínú ọ̀rá, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Ẹ má fi í sílẹ̀ síbí o, Bọ̀ọ̀dá. Àwa ará ibí ò ṣeé fọkàn tán."