Àmì Odile Tó Wà Nínú Àpò Ìrẹsì

Ògiri yàrá ìwé àtijọ́ ní Dassa ti lanu láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Olórí ọ́fíìsì ibẹ̀, Kámárádì Sylvestre, mọ̀. Ẹni tí wọ́n rán wá láti Kútọnù mọ̀: ó wò ó, ó mi orí, ó wọ mọ́tò rẹ̀. Àwa tó ń gba iwájú ibẹ̀ lọ sọ́jà náà mọ̀. Òjò oṣù kẹfà dé, ògiri wó lu Odile, obìnrin tó ń tọ́jú ìwé ibẹ̀, níbi tó ti ń kó àpótí ìwé jáde. Ó kú. Sylvestre ò wá síbi ìsìnkú. Ó ní òun wà nípàdé ìtẹ̀síwájú. Ìtẹ̀síwájú ta ni?

Tí àlejò bá gun òkè wa, a kì í kọ́kọ́ béèrè orúkọ rẹ̀. Òkè wo? Agboolé wo? Ọmọ ta ni? Bí Odile ṣe ń bi ìwé nìyẹn. Ó gé páálí ṣe àmì: ọ̀kan ṣí ẹrù ìwé òkè kan, èkejì rẹ̀ tì í. Láàárín méjèèjì, àmì agboolé á ṣí, á tì. Nínú ìyẹn, àmì ilé. Ìwé kankan ò ṣìnà. Ó ti gbọ́ pé nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀rọ ayárabíàṣá láti ka irú àmì bẹ́ẹ̀. Á rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀rọ yẹn ń bọ̀. Kó ṣáà bá wa nílé."

Sylvestre rí orúkọ agboolé ọba lára páálí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n Odile, ayé ọba lẹ fẹ́ dá padà? Ìjọba Ìyípadà ti gbá a dànù!"

"Kámárádì, àbúrò mi, tí mo bá yọ òkè yín kúrò, ta ni kí n sọ pé ó bí yín?"

Sylvestre yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó dúró di ìgbà tí obìnrin náà kú.

Ọ̀sẹ̀ tí a sin ín gan-an, wọ́n yọ gbogbo àmì, wọ́n rọ́ ọ sínú àpò ìrẹsì, wọ́n wá to ìwé bó ṣe gùn sí. Bó ṣe gùn sí! Oníṣòwò wo ló ń ya àmì ara ẹrù dànù, tó ní òun ń tún ìsọ̀ ṣe? Ìwé abúlé Soclogbo ti há sáàárín ti Paouignan. Àgbẹ̀ tó bá wá wo ààlà oko bàbá rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò gbá mú.

Jeanne tó bá Odile ṣiṣẹ́ nìkan ló mọ ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan ń jókòó. Wọ́n sì ti ní kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Parakou. Ṣé èèṣì nìyẹn náà?

Ẹ̀yin ọ̀gá tó wà lórí Sylvestre, n ò bẹ̀bẹ̀ o. Ẹ fi Jeanne sílẹ̀ níbí. Ẹ gbé àpò yẹn fún un kó tún iṣẹ́ náà tò, kí ẹ sì kọ orúkọ Odile sẹ́nu ọ̀nà. Kí Sylvestre wá sọ níwájú ìyá Odile ìdí tó fi mọ̀ pé ògiri ń wó tó sì ń wò ó. Kí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ, tí èrò tó ń wá gbàdúrà ní Arigbo máa kún ìlú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ yẹn, gbogbo àwa ọlọ́jà á ti ìsọ̀ wa, a ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yín lójú àlejò, a ó sì máa bi ẹni tó bá yọjú: Òkè wo? Agboolé wo? Ọmọ ta ni yín?